Ẹ Tẹ̀lé Ẹni Tó Ṣe É

Ètò wa tòní dá lórí ìwé, àwo orin àti eré tẹlifíṣọ̀n. Àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ a máa bi àwa tí a ń kọ́ni ní èdè Yorùbá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n kà? Àwo wo ni kí n gbọ́? Eré wo ni èmi àti àwọn ọmọ lè jókòó wò pa pọ̀?" Orúkọ méjì mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń retí, kí wọ́n kọ ọ́ sínú fóònù kí wọ́n máa lọ. Màá dárúkọ lónìí, ẹ mú bírò dání. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ̀nà tí mo ń gbà rí àwọn iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn, kí ẹ̀yin náà lè máa fi wá tiyín nígbà tí ètò yìí bá ti parí.

Ọ̀nà ọ̀hún kò le. Bí ìwé kan bá dùn mọ́ yín nínú, ẹ wo orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kí ẹ sì wádìí ibòmíràn tí onítọ̀hún ti fọwọ́ kàn. Láàárín àwọn òṣèré àti òǹkọ̀wé Yorùbá, pàápàá àwọn tí iṣẹ́ wọn gbòde láàárín ọdún 1950 sí 1990, ẹni tó ń kọ̀wé náà ló ń kéwì, òun náà ló ń ṣeré. Ẹni tí ẹ mọ̀ sí aláwàdà lórí tẹlifíṣọ̀n, olórin ni tẹ́lẹ̀ rí. Nítorí náà, ẹni tó bá ka ìwé kan tó sì gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ tán. Ẹ tẹ̀lé ẹni tó ṣe é, yóò mú yín dé ibi tí ẹ kò rò.

Ẹ jẹ́ kí á fi Adébáyọ̀ Fálétí ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 1969 ni ìwé ìtàn rẹ̀, Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, jáde. Ìtàn àwọn ènìyàn kan ni, tí wọ́n wà lábẹ́ ìsìn, tí wọ́n ní láti máa gé koríko fún ẹṣin ẹni tó jẹ gàba lé wọn lórí. Bàbá ti gé e, bàbá bàbá ti gé e, ó ti di àṣà. Àjàyí, ọmọ Olókùn-Ẹṣin, ló yarí pé òun kò gé. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé yìí ni pé Fálétí kò fi ọ̀rọ̀ ìmúnisìn mọ sọ́dọ̀ òyìnbó. Lọ́dún 1969 yẹn, Nàìjíríà kò tíì pé ọdún mẹ́wàá nínú òmìnira, ogun abẹ́lé ṣì ń lọ lọ́wọ́, ọkùnrin yìí jókòó, ó kọ ìwé tó ń sọ pé a ti fi ara wa sìn rí, àti pé ẹni tí a fi ń sìn lè kọ̀. Ó gba ìgboyà. Èdè inú rẹ̀ jinlẹ̀. Ẹ má sáré kà á. Bí ẹ bá bá ọ̀rọ̀ tí ẹ kò gbọ́ rí pàdé, ẹ bi àgbàlagbà ilé yín, inú wọn yóò dùn pé ẹ bi wọ́n.

Ní 1979, Ọlá Balógun gbé ìtàn yìí wọ inú fíìmù, ó sọ ọ́ ní Ìjà Òmìnira. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ló ṣe gúdúgúdú méje nínú rẹ̀. Ẹ fi orúkọ Afọláyan àti ti Ọlá Balógun sọ́kàn o, a máa padà bá àwọn méjèèjì.

Fálétí fúnra rẹ̀ kò jókòó sídìí ìwé nìkan. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Fálétí ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ọ̀gá àgbà ní BCOS, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí ẹ bá wá fẹ́ rí ojú rẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó ti dàgbà, ẹ wá fíìmù Saworoidẹ. Òun ni Ọ̀pálábà, àgbàlagbà tó ń rìn kiri ìlú Jogbo, tó ń fi òwe àti orin sọ òótọ́ fún àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ ọ.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí Saworoidẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n mú eré kan ṣoṣo tí gbogbo ilé Yorùbá yẹ kí ó ní, òun ni màá mú. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, Túndé Kèlání ló darí rẹ̀, ọdún 1999 ló jáde. Ní ìlú Jogbo, ẹni tó bá fẹ́ jọba gbọ́dọ̀ bá ìlú mulẹ̀: wọn á sín in ní gbẹ́rẹ́, wọn á dé adé idẹ fún un, wọn á sì lu ìlù kan tó ń jẹ́ saworoidẹ. Ọba tó bá ti sín gbẹ́rẹ́ ti di ẹrú ìlú nìyẹn. Kò lè kó ìlú jẹ kó gbé. Ọba tí kò bá sín gbẹ́rẹ́, tó sì dé adé náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá lu saworoidẹ sí i létí, orí fífọ́ ni yóò pa á. Lápitẹ́ jọba, ó kọ̀, kò sín gbẹ́rẹ́. Ìdí tó fi kọ̀ kò pamọ́: ó fẹ́ rí owó lọ́wọ́ àwọn agégẹdú tó ń pa igbó Jogbo run. Lẹ́yìn náà ni Lágàta, ọ̀gá ológun, fi ìbọn gba orí ìtẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ gbé láyé ní Nàìjíríà láti 1983 títí di 1999 kò nílò kí ẹnì kankan túmọ̀ eléyìí fún yín. Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ gan-an ni fíìmù náà jáde. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ohun mìíràn nígbà tí ẹ bá ń wò ó. Kì í ṣe ìbọn, kì í ṣe ẹjọ́ kóòtù, ló borí agbára nínú eré yìí; ìlù ni. Onílù ló wà láàárín ọba àti ìlú. Ìṣọ̀lá mú ìmọ̀ tí àwọn Àyàn, ìdílé onílù, ti ní tipẹ́tipẹ́, pé ìlù lè sọ ohun tí ẹnu kò gbọdọ̀ sọ, ó sì fi í ṣe òfin ìjọba. Èmi kò tíì rí òǹkọ̀wé mìíràn tó fi èrò tó wúwo bẹ́ẹ̀ sínú ìtàn tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè lóye. Ẹ bá àwọn ọmọ wò ó. Ẹ dá a dúró láàárín, kí ẹ bi wọ́n pé, "Kí ló dé tí Lápitẹ́ fi ń bẹ̀rù gbẹ́rẹ́?" Ìdáhùn tí wọn yóò fún yín á yà yín lẹ́nu. Agogo Èèwọ̀, tó jáde ní 2002, ló tẹ̀ lé e. Ó dára, àmọ́ lójú tèmi kò dé ibi tí ti àkọ́kọ́ dé.

Nínú Saworoidẹ yẹn kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Arẹ́sẹ̀jábàtà. Kúnlé Afọláyan ni, ọmọ Adé Love tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn lẹ́ẹ̀kan. Bàbá ló ṣeré nínú fíìmù tí wọ́n fi ìwé Fálétí ṣe ní 1979. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ọmọ àti Fálétí jọ wà nínú fíìmù kan náà. Kúnlé ti wá di olùdarí fíìmù báyìí. Aníkúlápó, tó gbé jáde lórí Netflix ní 2022, ni ìtàn Sàró, ahunṣọ òfì tó wá ṣe àtìpó ní Ọ̀yọ́, tí ọ̀rọ̀ olorì ọba kó o sí yọ́ọ́yọ́ọ́, tó kú, tí ẹyẹ àkàlà sì jí i dìde. Ẹ̀bùn tó rí gbà lọ́wọ́ ikú ló padà bà á jẹ́. Èdè àwọn òṣèré inú rẹ̀ dán mọ́rán, aṣọ wọn gún régé, wọ́n sì fi ara balẹ̀ kọ́ ìlú tí eré náà ti wáyé. Eré onípele tó tẹ̀ lé e ní 2024 gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù, torí ìtàn ẹnì kan ṣoṣo ló gbájú mọ́. Àwọn ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ ojú ọmọdé o, kí àwọn òbí kọ́kọ́ wò ó fúnra wọn.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ Ìṣọ̀lá, torí ìwé rẹ̀ pọ̀, gbogbo wọn kọ́ ni mo sì fẹ́ràn bákan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré onítàn tó jáde ní 1970, torí wọ́n fi kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́. Ó Le Kú, ti ọdún 1974, ni ìtàn ìfẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní yunifásítì Ìbàdàn: Àjàní àti àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Ìwé yìí fi hàn pé èdè Yorùbá lè sọ ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọ ṣòkótò ẹlẹ́sẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń jó ní pátì, gẹ́gẹ́ bó ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ ọdẹ àti ọba. Nígbà tí Kèlání gbé e sí fíìmù ní 1997, àwọn obìnrin tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìró kékeré tó mọ sí orúnkún, àwọn télọ̀ sì sọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ní oleku. Títí dòní, ẹni tí kò ka ìwé náà rí mọ aṣọ náà.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo máa ń fi tọrẹ fún ènìyàn ni Ogún Ọmọdé, tó jáde ní 1990. Ìtàn ìgbà èwe ni, ní abúlé olókoo kòkó, nítòsí Ìbàdàn. Kò sí ogun nínú rẹ̀, kò sí ọ̀tá tó ń lépa ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọdé ń ṣeré, wọ́n ń ṣe wàhálà, wọ́n ń bá àgbà lọ sóko, wọ́n ń dàgbà, olúkúlùkù sì ń gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ìwé náà kò gùn. Mo gbà pé kò sí ìwé Yorùbá tó dùn kà sókè tó o, pàápàá ní ilé tí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà bá wà, nítorí ẹ kò ní ka ojú ewé méjì kí wọ́n tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín, kí wọ́n máa sọ ti ìgbà èwe tiwọn.

Wàyí o, ìmọ̀ràn kan wà tí mo mọ̀ pé àwọn ẹlòmíràn kò ní fara mọ́. Bí ó bá ti pẹ́ tí ẹ ti ka ìwé Yorùbá gbẹ̀yìn, ẹ má fi Fágúnwà bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé mo kóyán Fágúnwà kéré. Òun ló ṣáájú. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938, Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, kò sì sí òǹkọ̀wé Yorùbá kan tí kò jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n gbólóhùn Fágúnwà gùn, ó ń kọrin, ó ń wàásù, ó ń fi ọ̀rọ̀ dárà. Ẹni tó bá fi ojú lásán kà á ní ìdákẹ́jẹ́, tí ahọ́n rẹ̀ kò sì tíì mọ́ àmì ohùn dáadáa, á sú u ní orí kìn-ín-ní, á sì gbà pé ìwé Yorùbá le. Mo ti rí i kó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ọmọ tó gbọ́n.

Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá Àjà Ló Lẹrù, tó jáde ní 1969, ọdún kan náà pẹ̀lú Ọmọ Olókùn-Ẹṣin. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ló ń tọpa àwọn ọ̀daràn, òun àti Tàfá Ìgírípá. Ọkọ̀ ń sáré lójú títì, ẹ̀ṣẹ́ ń dún, ọ̀rọ̀ ń fò lẹ́nu wọn bí ẹni ń ta ayò. Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tó kàn. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣàkíyèsí ni pé Òkédìjí kò fi èdè àwọn ọba sọ ìtàn ìgboro. Àwọn ènìyàn inú ìwé rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí àwọn tí ẹ ń gbọ́ ní gáréèjì, síbẹ̀ òwe wọn kún, àpárá wọn sì mú. Bí ẹ bá parí ẹ̀, Àgbàlagbà Akàn, ti ọdún 1971, ń dúró dè yín, Lápàdé náà ló wà ńbẹ̀. Lẹ́yìn méjèèjì, ẹ lọ ka eré rẹ̀, Rẹ́rẹ́ Rún, tó jáde ní 1973, lórí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bá àwọn agbanisíṣẹ́ jà. Ìrora inú rẹ̀ kò kéré, ó sì bá àsìkò wa yìí mu gidigidi. Nígbà náà ni kí ẹ tó gbé Fágúnwà, kí ẹ sì kà á sókè. Ẹ yan ẹnì kan láti kà, kí àwọn yòókù gbọ́. Bí wọ́n ṣe ń gbádùn rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ láyé àtijọ́ nìyẹn, tísà ń kà, kíláásì ń gbọ́.

Ó tó àsìkò kí á bọ́ sídìí orin. Túndé Kèlání tó darí Saworoidẹ àti Ó Le Kú náà ló ṣe fíìmù Ayinlá ní 2021, lórí ìgbésí ayé Àyìnlá Ọmọwúrà, ọ̀kọrin àpàlà ará Abẹ́òkúta, tó pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ nínú ìjà ní ilé ọtí ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1980. Látèéf Adédiméjì ló ṣe Àyìnlá. Ẹ wo fíìmù náà, ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ gbọ́ ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Àpàlà tirẹ̀ yá, ó le, ó kún fún ìròyìn ìgboro, ọ̀kan nínú àwọn àwo rẹ̀ tiẹ̀ ń jẹ́ Challenge Cup '74. Ẹni tó bá ń gbọ́ wọn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé ń gbọ́ ohun tí àwọn ará Ẹ̀gbá ń sọ láàárín ara wọn ní àwọn ọdún náà.

Láti ọ̀dọ̀ Àyìnlá, ẹ gòkè lọ sọ́dọ̀ Hárúnà Ìṣọ̀lá ará Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ ó sì rí i pé àpàlà kan náà lè ní ìwà méjì. Àwo tí mo fẹ́ kí ẹ wá ni Oroki Social Club, tó jáde ní 1971. Ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo ló ń kì níbẹ̀. Kò pariwo. Kò sí gìtá, kò sí dùùrù: ìlù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo àti agídìgbo nìkan ni. Ó ń kọrin bí àgbà tó jókòó sórí àga, tó mọ̀ pé gbogbo ilé ń gbọ́ òun. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ nìkan, kí ẹ wo bó ṣe ń sinmi lórí ọ̀rọ̀ kan kó tó bọ́ sí èkejì. Ẹ tún un gbọ́, kí ẹ wá fi etí sí ìlù, torí ìlù náà ń fèsì. Bí ọ̀kọrin bá sọ̀rọ̀, onílù á gbà á, á sọ ọ́ lọ́nà mìíràn. Lẹ́yìn náà ẹ fi etí sí agídìgbo nísàlẹ̀, tó ń lọ láìyẹsẹ̀ bí ẹni pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lókè. Àwọn orúkọ tó ń dá nínú orin náà, ọ̀pọ̀ wọn ti papòdà, síbẹ̀ a ṣì ń pè wọ́n. Bí ẹ bá mọ ọmọ Òṣogbo tó ti dàgbà, ẹ pè é wá gbọ́ ọ pẹ̀lú yín. Ó ṣeé ṣe kí ó mọ ilé àwọn tí wọ́n ń kì.

Hárúnà Ìṣọ̀lá náà ló bá I. K. Dáìró, ọ̀gá jùjú, dá ilé iṣẹ́ Star Records sílẹ̀ lọ́dún 1969, kí àwọn olórin lè ní ilé iṣẹ́ àwo tiwọn. Ọmọ rẹ̀, Músílíù, gbé Ṣóyoyo jáde ní ọdún 2000, àwọn ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ àpàlà rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó o. Ẹ gbọ́ àwo bàbá, kí ẹ gbọ́ ti ọmọ. Kò gba àlàyé mọ́.

Ẹ ó rántí pé mo ní aláwàdà kan ti jẹ́ olórin rí. Mósè Ọláìyá ni, Bàbá Sàlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀ fi WNTV ṣe ilé, tó ń de táì gbàgàdà mọ́ ọrùn, tó sì ń mú ayé rẹ́rìn-ín. Kó tó di pé ó gbájú mọ́ àwàdà, ó ní ẹgbẹ́ olórin kan tó ń jẹ́ Federal Rhythm Dandies. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Sunday Adéníyì ni, ẹni tí ẹ mọ̀ lónìí sí King Sunny Adé.

Nínú àwọn àwo Sunny, ẹ fi Juju Music bẹ̀rẹ̀, tí Island Records gbé jáde ní 1982. Bob Marley, olórin wọn, ti kú ní 1981, ilé iṣẹ́ náà sì ń wá olórin mìíràn láti ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n lè gbé dé iwájú aráyé. Martin Meissonnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló bójú tó gbígba ohùn náà. Nílé, Sunny lè fi orin kan kún ojú àwo kan tán láìdúró. Fún àwo yìí, wọ́n gé àwọn orin rẹ̀ kúrú, wọ́n sì kó méje sínú rẹ̀. Àwọn kan bínú sí gígé yẹn. Èmi rí àǹfààní nínú rẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ jùjú, torí ẹ lè gbọ́ gìtá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lè gbọ́ gìtá onírin tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ń fà bí ẹni ń sunkún tayọ̀tayọ̀, tí ìlù gángan sì ń bá a sọ̀rọ̀. Ja Funmi, tó ṣí àwo náà, àdúrà sí orí ẹni ni. Mo máa ń fi í kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí orí jẹ́ lọ́dọ̀ Yorùbá kí n tó ṣí ìwé kankan fún wọn. Bí etí yín bá ti mọ́ ọn, ẹ wá The Message, ti ọdún 1981, kí ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń ṣe é fún àwọn ará ilé.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Ẹ má ṣe jẹ́ kí Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu bọ́ lọ́wọ́ yín. Àwo wọn, Horizon Unlimited, jáde ní 1979. Ìbejì ni wọ́n, ohùn wọn sì wọnú ara wọn débi pé ẹ kò ní mọ ìgbà tí ọ̀kan gba orin lẹ́nu èkejì. Wọ́n ń kọ Yorùbá, wọ́n ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mú ìtàn àlọ́ wọnú orin tó ní gìtá iná. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀yìn ọkùnrin ni ipò obìnrin nínú ẹgbẹ́ olórin, àwọn méjèèjì ló ń kọ orin wọn tí wọ́n sì ń ṣáájú. Kẹ́hìndé ti di olóògbé láti 2019. Àwo wọn ti padà sí ọjà báyìí, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti New York sì ń rà á ju àwa ilé lọ, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń rí i.

Lórí eré tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, Arélù ti Jímọ̀ Àlíù, tó gbòde ní àwọn ọdún 1980, ni màá fi kún un. Ìtàn rẹ̀ máa ń fà nígbà mìíràn, àwòrán rẹ̀ kò sì mọ́ bíi ti òde òní. Èdè rẹ̀ ni kí ẹ bá lọ. Ọfọ̀ tó ń jáde lẹ́nu Fádèyí Olóró tò lẹ́sẹẹsẹ, ó ní ìlù tirẹ̀ nínú. Òrìṣàbùnmi náà sì mọ bí obìnrin ṣe ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó le. Àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi han ọmọ kékeré lálẹ́.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ Bàbá Sàlá parí. Ní 1982, Ọlá Balógun, ẹni tó ṣe Ìjà Òmìnira, bá a darí fíìmù Ọ̀run Móoru. Àwọn oníṣẹ́ ayédèrú jí i dà kọ, wọ́n tà á káàkiri, ọkùnrin náà sì jẹ gbèsè tó bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kú ní 2018. Gbogbo àwọn tí mo dárúkọ lónìí, àwọn tí wọ́n wà láyé àti àwọn tó ti lọ, àwọn tàbí ẹbí wọn ló ni ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ wọn. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín: bí ẹ bá fẹ́ Ogún Ọmọdé tàbí Àjà Ló Lẹrù, ẹ lọ sí ilé ìtàwé, kí ẹ béèrè rẹ̀ ní orúkọ. Bí wọ́n bá ní kò sí, ẹ tún padà lọ béèrè, ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín náà béèrè, torí ìwé tí ènìyàn ń béèrè ni wọ́n ń tún tẹ̀. Ẹ má ra fọ́tòkọ́pì tí wọ́n fi síteepù dì. Ẹ ra ojúlówó, kí ẹ kọ orúkọ ọmọ yín sínú rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fún un lálẹ́ òní.